Téèpù

Mo ti wọn ìbàdí ìdajì obìnrin Tákìẹ̀.
Mo mọ ẹni tó ń sé èémí
kí téèpù lè bá a purọ́.
Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn,
mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wọn ara mi.
Íǹṣì mélòó? Ẹ má bi mí.
Ẹ̀yìn ìwé oníbàárà ni mo kọ ọ́ sí,
mo fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó.

Láti ìgbà náà, kílẹ̀ tó mọ́,
mò ń gun Òkè Ẹlẹ́rin,
ọyẹ́ ń gbá mi létí.
Oyèwùmí, ọmọṣẹ́ mi, ní òun á máa sìn mí.
Ọjọ́ méjì péré, ẹsẹ̀ ń dùn ún.
Níjẹta, oorun jí mi gbé.
Lánàá, ká má purọ́,
èmi ni mo ní kó wá gbé mi.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, téèpù ò yẹsẹ̀,
ó dúró gbọin bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.
Ṣùgbọ́n igi káṣú tí mo máa ń dì mú
kí n tó lè mí,
láàárọ̀ yìí mo ti kọjá rẹ̀ kí n tó rántí.
Mo wẹ̀yìn: igi ti jìnnà.
Téèpù ò ní nọ́ńbà fún ìyẹn.

Ó dọ̀la,
bí oorun bá gbà.