Òṣómàáló Kékeré

Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà lára aṣọ ilé-ìwé Morẹ́nikéjì.
Aago méje ti lù.
Mo na ọwọ́ sí i, ó gbá ọwọ́ mi dànù.
"Mi ṣe é."
Ìka rẹ̀ kúrú, ó rọ̀ bí òwú,
bọ́tìnnì á yọjú ní ihò, á tún sá wọlé
bí òkété tó gbúròó ọdẹ.
Ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀, bó ṣe máa ń yọ bí iṣẹ́ bá le,
ó ń kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, aárùn-ún.
Kò sí ẹẹ́rin nínú ìṣirò àbúrò mi.
Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní ẹẹ́rin ń sùn.
Ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì ọrùn fi máa ń ṣí sílẹ̀
bíi fèrèsé ilé ẹni tó ń retí àlejò.

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i,
dókítà kan ní Wẹ́sílì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
ó rí ìlà kan ṣoṣo tó là á já bí ọ̀nà Àkúrẹ́,
ó gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó tẹ́tí pẹ́,
ó wá pe orúkọ kan: Dáúnì.
Ìyá àgbà ní, "Dáúnì? Ọmọ ta ni ní Iléṣà?
Ará Ìsọ̀kùn ni, àbí Òkè-Ẹ̀ṣọ̀?
Kó máa gbé orúkọ rẹ̀ lọ, èyí á ní tirẹ̀."
Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.
Ó jáde lọ dúró síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí,
ó pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tó wọlé, èmi ló wò, èmi ọmọ ọdún mẹ́ta
tí mo fi bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì,
ó ní, "O ti rí ẹnì kejì."
Bí orúkọ náà ṣe wáyé nìyẹn. Gbèsè rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi.

Ọ̀nà ilé-ìwé wa kò gùn,
ìkíni ló ń sọ ọ́ di ìrìn àjò.
"Ẹ tú iṣẹ́!" fún fọganáísà tó forí sábẹ́ mọ́tò,
"Tú iṣẹ́!" fún ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí.
Gbogbo wọn ló ń dáhùn. Ewúrẹ́ náà máa ń gbójú sókè.

Àfi Abọ́sẹ̀dé, aránṣọ tuntun ní oríta Ìjọ̀kà.
Ó lóyún. Bí Morẹ́ni ṣe kí i,
ó kọjú sí ògiri, ó fi aṣọ tó ń rán bo ikùn
bí ẹni tí eruku ń bọ̀ wá bá.
Mo ti ń fa àbúrò mi lọ́wọ́. Irú ìyẹn kì í ṣe tuntun sí mi.
Ṣùgbọ́n òṣómàáló ni bàbá bàbá wa.
Ó ta aṣọ láwìn dé Àkókó,
onígbèsè tó bá sá wọ yàrá
á bá a lójúde ní ìrọ̀lẹ́, ó lóṣòó, kò bínú, kò sì lọ.
Ta ló sọ fún Morẹ́ni? Kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Ó kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà,
ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan,
"Ẹ táàárọ̀, mà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́.
Agogo ilé-ìwé dún lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ọ nínú ikùn mi.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, ó ń sáré, ó dúró.
Abọ́sẹ̀dé sọ ọ́ láàárín abẹ́rẹ́ tó há sí eyín:
"Káàárọ̀."
Morẹ́ni ò dìde. Ó fi ìka lu àyà ara rẹ̀.
"Morẹ́ni."
Obìnrin náà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó wò ó. Mi ò mọ ohun tó rí.
"Káàárọ̀, Morẹ́ni."
Owó pé. Àbúrò mi gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń lọ.
"Ẹ dúró, bọ́tìnnì ọmọ yẹn ṣí!"
Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, mà. Ẹẹ́rin ló ń sùn."

Ní géètì, tíṣà Fágbùyì ti mú pàṣán dání.
Ó ní kí n kúnlẹ̀ ti àwọn méjì tó ṣáájú wa pẹ́.
Ó ní kí Morẹ́ni máa wọlé,
"ìwọ ò jẹ̀bi, ọmọ mi, a mọ̀ bó o ṣe wà."
Ó wo tíṣà. Ó wò mí.
Ó kúnlẹ̀ tì mí lórí òkúta wẹ́wẹ́,
ó ń kà wá:
oókan, eéjì, ẹẹ́ta,
ó fọwọ́ kan ara rẹ̀,
aárùn-ún.