Rìsíìtì Kẹ̀kẹ́

Aago mẹ́rin òru ni Thavamalar wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Vavuniya,
ó fi ọ̀rá di fáìlì rẹ̀ nítorí òjò.
Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀.
Rìsíìtì kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ọ̀kan,
sójà oríta ló kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀, ó fọwọ́ sí i.
Wọ́n gba kẹ̀kẹ́, wọ́n gba ọmọ;
kẹ̀kẹ́ nìkan ló ní rìsíìtì.

Èkejì, àṣẹ adájọ́, kò gùn:
Ẹ gbé ara rẹ̀ wá síwájú wa,
kí ẹ sọ òfin tí ẹ fi dè é.
Agbẹjọ́rò ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé,
ó ti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀.

"Kò sí lọ́dọ̀ wa."
Ọ̀gá sójà wí i lọ́dún èṣí, ó wí i lónìí.

Akọ̀wé ké orúkọ: Kuhendran!
Ó ké e lẹ́ẹ̀mejì, fáànù ń yí lókè.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá dìde.
"Olúwa mi, ara ni ẹ ní kí wọ́n gbé wá.
Èyí tó bí i nìyí.
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dé,
kí ẹ tó bi wọ́n léèrè èkejì rẹ̀."