Omi Kọ́

Ní Òkèlele, lẹ́yìn ilé wa,
ìyá bàbá mi a máa fi ìka kan ìkòkò létí
kí wọ́n tó gbà pé ó jinná.
Èyí tó pé, á dún gbọn-ọn.
Èyí tó ti sán, á dún kẹ̀ẹ̀,
bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.
Ìyá Oníṣaasùn. Kò sẹ́ni tó lè fi èyí tó sán tàn wọ́n.

Àfi ìgbà tí àrùn ká wọn mọ́ orí ìrun àsùbáà,
ó gba apá ọ̀tún, ó fa ẹnu sápá kan.
Láti ọjọ́ náà ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀
ti tẹ́jú pẹrẹsẹ lẹ́nu wọn.
Ọkọ́ tá a fi ń roko, ọkọ̀ tá a ń wọ̀,
ọkọ wọn tó ti kú,
bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jáde.
Èmi Sẹlimọ́tù ni mo wá di etí ilé.
Àlejò á wò mí lójú: "Kí ni wọ́n wí?"
Mo ń túmọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Yákúbù ará Pákátà gbé fóònù wá.
Ó ní ó ń gbọ́ Yorùbá,
pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́ lè fi ẹnu rán an níṣẹ́.
Ìyá ní: "Pe ọmọ mi."
Fóònù kọ ọ́ síta gàdàgbà: pẹ́pẹ́yẹ.
Ìyá rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi bọ́ sáyà wọn.
Ojú ti Yákúbù. Ó ní ẹnu àwọn tó ń ka ìròyìn
ni wọ́n fi kọ́ ọ,
kò tíì gbọ́ irú ohùn yìí rí.
Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba;
ẹ̀rọ yìí ò lè dúró de baba.
Èémí gé díẹ̀, ó ti pa etí dé,
ó ti ní, "Mi ò gbọ́. Ẹ tún un sọ."

Ó kó igba gbólóhùn wá kí Ìyá sọ ọ́ sínú rẹ̀.
Àkọ́kọ́: "Ọkọ̀ òfurufú náà gbéra ní agogo mẹ́ta."
Ìyá mirí.
Kí ló kàn wọ́n kan ọkọ̀ òfurufú?
Ni wọ́n bá ń nàka, wọ́n ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀:
ewúrẹ́ Alhaja tó ń jẹ pòròpórò tá a fẹ́ fi sun ìkòkò,
èéfín tó pọ̀ jù,
Sàláwù tí kò tíì san owó ìṣaasùn mẹ́fà.
Wọ́n nàka sí kòtò tó ti gbẹ lẹ́yìn ààrò,
mo kọ "amọ̀", mo bọ́ sórí òmíràn.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fi ìka òsì kan fóònù létí.
Wọ́n tẹ́tí.
Wọn ò sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sán kan, oòrùn kan àtàrí,
Ìyá wí ohun tí wọ́n máa ń wí lójoojúmọ́,
ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí mo ti mọ̀ láti ọdún méjì.
Mo dìde, mo bu omi tútù, mo gbé e sí wọn lẹ́nu.
Wọ́n wò mí.
Wọ́n mu ún, bí wọ́n ṣe ń mu ún látọdún méjì.
Fóònù wà lórí ẹní, iná rẹ̀ ń tàn.
Ohun tó kọ ni: amọ̀.

Mo jókòó. Mo ń ka kọ́ọ̀bù náà lọ́kàn,
ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́,
ẹni tí òùngbẹ ò gbẹ, tó ń mumi nítorí mi.

Fóònù ò tíì gbọ́n tán o.
Títí dòní ni "ọmọ mi" ṣì ń di pẹ́pẹ́yẹ,
bàbá mi sì ti ń jẹ́ ẹ.
Mo wa amọ̀ wá látẹ́tí odò, mo gbé e síwájú wọn.
Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó wọ́,
ó sán kó tó gbẹ. Wọn ò jẹ́ ká dà á nù.

Lánàá wọ́n tún wí nǹkan.
Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ gbéra,
mo dá a dúró.
Mo ní, "Ìyá, mi ò gbọ́.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ."