Bàtà Rọ́bà

Ọyẹ́ ni mo bá wọ Ṣábẹ̀ẹ́,
àwọn òkè dúró bí àgbà tí kò fẹ́ dáhùn ìkíni.
Wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà
tó lè gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì sínú ọ̀kan.
Wọ́n ní: Sitajíà, gbálẹ̀.

Oṣù mẹ́ta, ìgbálẹ̀ ni ẹ̀rọ mi.
Ìṣirò tí mo kó wá láti Kàláfí
ń pọ́n lápò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbàgbé.

Bàbá Bíàó kò mọ̀wé.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù, ó dijú,
ó ní, "Èyí ń wúkọ́. Ẹ pa á."
Ọ̀gá wo abẹ́rẹ́ ìwọ̀n: kò mì.
Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín.
Kí oòrùn tó wọ̀, páìpù bẹ́,
oje ìrèké gbígbóná dà,
a ń tẹ adùn mọ́lẹ̀ bí ẹrẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọwọ́ kan nǹkan.
Ó jó mi lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ń bi mí lórí fóònù:
"Ilé iṣẹ́ ṣúgà lo wà, o ò lè bu díẹ̀ wálé?"
Kò mọ̀ pé tíì kíkorò ni mò ń mu báyìí.

Ọyẹ́ tún ti dé. Bàtà ti bá mi mu,
àbí ẹsẹ̀ mi ló wú, n ò mọ̀.
Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ wà níwájú mi:
Kí lo kọ́? Ìlà mẹ́ta péré.
Mo kọ orúkọ Bàbá Bíàó sí àkọ́kọ́.
Ìkejì: páìpù kẹrin ti ń wúkọ́, ẹ tètè pa á.
Ìkẹta ṣófo.
Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì wà lórí rẹ̀.