Láti Ahéré dé Ahéré

Ìyùnadé àbúrò mi fi àwòrán ránṣẹ́ láti orí òkè
níbi tí yìnyín ò tíì yọ́ tán nínú oṣù Òkúdu.
Òdòdó tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹní ọlọ́nà,
ó dé fìlà onírun, ó ń rẹ́rìn-ín
bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.
Ó ní láti ahéré dé ahéré làwọn ń rìn,
ọjọ́ márùn-ún gbáko;
ibi tílẹ̀ bá ṣú wọn sí, ahéré kan á yọjú,
wọn á bu ọbẹ̀ gbígbóná fún wọn,
wọn á ní kí wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé àlejò.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ìbá wá."

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ fèsì: kàù.
Èkó ò lókè. Ibi tó ga jù tí mo lè gùn
ni ebè òkúta tí wọ́n to ojú irin lé.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà,
mo ju búrẹ́dì méjì sápò,
mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Yábàá.

Ahéré kìíní: páànù mẹ́rin, àga kan, àsíá pupa.
Sùnmọ́nù ló ń ṣọ́ ibẹ̀,
òun ní í dá mọ́tò dúró kí rélùwéè tó kọjá.
"Ìyá, ta lẹ̀ ń wá?"
Mo ní òdòdó ni.
Ó wò mí láti orí dé bàtà,
ó ṣí ìwé tó fi ń ka ọkọ̀ ojú irin,
ó kọ ọ́ síbẹ̀, mo yọjú wò ó:
Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
Ìyá àgbà kan. Ó ń lọ sí Ìddó.
Kò fọn fèrè.

Ẹ wá wo yúnyun láàárín òkúta,
ó pọ́n bíi pupa ẹyin!
Alúkerésé, elése àlùkò,
ó fà lórí irin tó ti dógùn-ún,
ó dì í mú bí ọmọ tí ò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rọjà.
Mo fọwọ́ kan patanmọ́, ó patan mọ́
bí ìyàwó tuntun tó gbọ́ ìró bàtà àna.
Èyí tó dà bí aró tí a bu omi là ńkọ́,
tó rọ̀ lójú bí òwú?
Imí eṣú lorúkọ rẹ̀.
Eṣú wo ló ń su ohun tó dára báyìí?
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ebi ló ń pa á lọ́jọ́ náà.

Òjò tún dé. Mo sá wọ ahéré kejì,
ahéré Sèwánù tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́bàá Ebúté-Mẹ́ta.
Kò bèèrè orúkọ mi. Ó na àgbàdo sísun sí mi,
ó tún jáde sínú òjò lọ roko,
ó ń fi èdè Ègùn bá ọkọ́ rẹ̀ wí.
Yúnyun ló ń ro. Imí eṣú ló ń fà tu,
gbogbo ohun tí mo torí ẹ̀ jí
ló ń kó jọ síbi òkìtì.
"Koríko ni, Ìyá."
Kí ni mo fẹ́ wí? Àgbàdo rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi.
Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára pákó ahéré náà;
kò kà á fún mi,
n kò sì bèèrè.

N kò dé Ìddó.
Ahéré kẹta ti wó, ó ku ìpìlẹ̀,
ejìnrìn ti gorí rẹ̀, ó ń tanná bí ẹni tó ń sanwó ilé.
Mo jókòó níbẹ̀, mo ya bàtà mi,
ẹrẹ̀ lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀,
ewé kan lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ránṣẹ́.
Kò pẹ́, Ìyùnadé bèèrè:
"Òkè wo nìyẹn?"

Mo ń wá èsì lọ́wọ́ nígbà tí rélùwéè dé,
ó fọn fèrè, ó mi ilẹ̀ tìtì,
gbogbo patanmọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin
patan mọ́.