Ọ̀fun Òkè

Láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ọ̀kadà ti gbé mi,
ó ní òun ò lè kọjá ibi tí ọ̀dà ti tán.
Mo bọ́ sílẹ̀, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún.
Òkè méjì ni mo rí, wọ́n kọjú síra wọn
bí ọmọ ìyá méjì tí wọn ò tíì pín ogún,
odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín wọn kọjá
bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ọ̀fun Òkè ni wọ́n ń pè é ní abúlé Òkè Àfọ̀n.
Bámitálẹ́ ló mú mi wọlé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó fi okùn so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọrùn.
Igba náírà ni owó ìwọlé. N kò ní ṣéńjì.
Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé ìṣirò àtijọ́ kan:
èmi ni ẹnìkarùn-ún láti ọdún tuntun.
Ẹnìkẹrin, ọ̀mọ̀wé òkúta kan láti Àkúrẹ́,
òun ló sọ fún wọn pé níbòmíràn láyé
òkúta ẹfun ni omi máa ń jẹ báyìí,
bí ọmọdé ti ń lá ṣúgà,
ṣùgbọ́n òkúta dúdú lèyí, ó le bí ọkàn agbowó-orí.
Omi ò lè jẹ ẹ́. Ó kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni.
Ó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí a kò tíì lórúkọ.

Nínú ihò, òtútù ló kọ́kọ́ dì mí lọ́wọ́ mú.
Àwọn àdán ń ráhùn lókè, òórùn wọn kan bí ọtí àná.
Bámitálẹ́ tan iná sára ògiri:
"Ibi tí wọ́n ń dáná sí nígbà ogun rèé."
Èéfín ṣì wà níbẹ̀, dúdú lórí dúdú,
àti ọlọ kan tó jìn bí àtẹ́lẹwọ́.
Mo fi ọwọ́ sí i. Ó bá ọwọ́ mi mu.
Ìyá ta ló lọ ata níbí,
tó tún fi ọwọ́ ata náà bo ẹnu ọmọ
nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ ogun ń kọjá lókè?
Bámitálẹ́ ò mọ̀. Ó ní òun ní ìdánwò lọ́la.

"Ẹ pe nǹkan," ó wí. "Gbogbo àlejò ló ń pè é."
Mo rò ó díẹ̀. Mo ké pé: "Ilé!"
Ọ̀fun náà gbé e mì, ó pẹ́,
ó wá dá a padà fún mi:
"Ulé... ulé... lé..."

Bí ìyá mi ti máa ń pè é nìyẹn.
Ogójì ọdún ní Abẹ́òkúta kò yí i padà.
Ulé. Usu. Uṣẹ́.
A máa ń fi rẹ́rìn-ín, àwa ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ èdè ìwé.
Nígbà kan, mo tún un ṣe fún un
níwájú olùkọ́ mi. Ó dákẹ́.
Ó dákẹ́ títí a fi délé.

Mo tún pè é.
Ihò tún un ṣe fún mi.

Ìta fọ́ mi lójú.
Lábẹ́ igi àfọ̀n, Yèyé Fadérera ń pa ẹ̀kùrọ́,
ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ.
Òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.
"Ìbídùn tó máa ń fo odò yẹn láìtẹsẹ̀ bọmi?"
N kò mọ̀ pé ìyá mi fo odò rí.
Ó bu ẹ̀kùrọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní níbo ni mò ń lọ.
Ẹnu mi ti fẹ́ lọ síbi tó mọ̀. Mo dá a dúró.
"Ulé," ni mo wí.
Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ìkòkò.
"Kò tíì jinná. Ṣùgbọ́n ó ti wà lórí iná."

Bámitálẹ́ ṣì dúró lẹ́yìn mi,
ó ń retí igba náírà rẹ̀.