Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Kí n má purọ́: ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà
láì ní ju ṣọ́ọ̀kì lọ.
Mo ya búrọ́ọ̀ṣì sára pátákó, mo ní, "Búrọ́ọ̀ṣì nìyí."
Mo ya ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo ní, "Báyìí ló ṣe rí."
Wọ́n dà á kọ, wọ́n yege, wọ́n lọ.
Èmi gan-an, ọwọ́ mi ò kan ẹ̀rọ náà rí.

Ọ̀sán Àlàmísì kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta dúró
sẹ́nu géètì wa ní Pàkátà.
Irin ni wọ́n rù, irin àti àpótí.
Baba Láwàní sọ̀ kalẹ̀, yíǹkì ń bẹ ní èékánná rẹ̀
bí ẹni pé ó bá a wáyé.
"Ogójì ọdún ni mo fi tẹ̀wé ní Ìdí-Àpè.
Kọ̀ǹpútà ti gba oúnjẹ lẹ́nu èyí,
àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá díye lé e lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní kí n kúkú gbé e wá síbi tí ọwọ́ kéékèèké wà."
Ó wò mí.
"Tíṣà, bọ́ aago ọwọ́ rẹ. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ kọ́."

Lójú ogójì ọmọ ni mo ti di ọmọ iṣẹ́.
Mo to lẹ́tà bí mo ṣe ń kà á,
ó jáde sórí ìwé bí ẹni wọ ẹ̀wù lódì.
Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àwáwù ọmọ Òkelélé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín,
ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í nawọ́,
tó ń ti ilé kéwú bọ̀ nírọ̀lẹ́, wàláà lábíyá,
tí tàdáwà kì í tán létí híjáàbù rẹ̀.
Ó dìde, ó gba irin lọ́wọ́ mi,
ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó ń bọ̀ wá sí òsì,
lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, bí ẹni ṣa ìrẹsì.
Baba Láwàní bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Kò sẹ́ni. Báyìí náà la ṣe ń ka kéwú."

Ṣùgbọ́n òyìnbó ló rọ àwọn lẹ́tà inú àpótí yẹn.
A wá ẹ, a wá ọ, a wá ṣ.
Ààyè wọn ò tilẹ̀ sí.
Ilé ìwòsàn sì ti bẹ̀ wá níwèé ìlẹ̀mógiri
nítorí onígbáméjì:
FỌ ỌWỌ RẸ.
Ohun tó jáde ni FO OWO RE.
Jàmíù kà á sókè: "Fo owó rẹ!
Ta ló máa fo owó rẹ̀ kọjá nínú ọ̀wọ́n yìí?"
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
lẹ́yìn náà a dákẹ́.
Àmì tí kò ju ẹyin èèrà lọ,
òun ló ya ọwọ́ kúrò lára owó,
òun ló ya ọkọ́ kúrò lára oko.
Láìsí i, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ní Ìgbájà
di ohùn àjèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, Àwáwù mú sílípáàsì kan wá,
ẹsẹ̀ òsì, tí okùn rẹ̀ ti já.
Ó ti fi abẹ gé e wẹ́wẹ́, ó rẹ́ ẹ roboto,
ó lẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ igi ìṣáná.
A tò ó. Baba fi yíǹkì pa á, èmi fa apá ẹ̀rọ,
irin náà kérora bí àgbà tó fẹ́ dìde lórí ẹní.
A ká ìwé náà sókè létí kan, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.

FỌ ỌWỌ RẸ.

Àmì kan wọ́, ọ̀kan tóbi ju ìyókù lọ,
ìkẹta dàbí eṣinṣin tó bà sórí ìwé.
Mi ò tíì rí ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé béèrè èló ni yíǹkì. Mo sọ fún un.
Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á rò ó.
Baba Láwàní ò dúró gbọ́ èyí tó rò,
ó lọ mú agolo méjì tó kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá.
Tíṣà méjì ti Ọ̀fà wá wò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Mo ní kí wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn.

Àwáwù ti ń gé sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún.
"A ti parí abẹ́," ló wí. "Ó ku orí."